Okùn Iná tí ó Sọdá Ọ̀sà

Nígbà tí a dá ilé-iṣẹ́ ECN sílẹ̀ ní 1950, iná Èkó kò mọ iná Kánò. Bí ẹ̀rọ Ìjọra bá dákẹ́, Èkó nìkan ni òkùnkùn ń bò. Kàǹjì ni ó yí ọ̀rọ̀ padà ní 1968: iná odò náà pọ̀ ju ohun tí ìlú kan lè lò lọ, ó sì di dandan kí wáyà gba Jẹ́bà àti Òṣogbo dé Èkó. Òṣogbo ni oríta. Nítorí náà ibẹ̀ ni a kọ́ ilé ìdarí àpapọ̀ sí.

Ìsopọ̀ yìí ní owó-orí tirẹ̀. Gbogbo ẹ̀rọ tí a bá so pọ̀ gbọ́dọ̀ máa mú iná wá ní ìlù kan náà, ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ẹ̀rọ ńlá kan bá já lójijì, ìlù a fà sẹ́yìn. Bí a kò bá tètè dín ẹrù kù, àwọn yòókù a máa já tẹ̀lé e. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà ní 2024 nìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kan Ajah àti Lẹ́kkí ni bí a ṣe ya àwòrán wáyà náà. Bí wáyà bá yí po bí òrùka, tí ó já níhìn-ín, iná a gba ẹ̀yìn wọlé. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ka igi, ohun gbogbo tí ó wà níwájú ibi tí ó já ti ṣófo. Ẹ̀ka ni ti Lẹ́kkí. Láti Ẹgbin, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1985 pẹ̀lú agbára mẹ́gáwọ́ọ̀tì 1,320 nígbà tí ẹ̀rọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pé, ni wáyà kílófóltì 330 ti sọdá ọ̀sà wá sí Ajah, kí ó tó dé Lẹ́kkí àti Alágbọn. Lóòótọ́, wáyà méjì ni ó sọdá, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń tọ̀.

Ará Ajah ṣì ń wí pé “NEPA ti mú iná lọ,” bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ náà ti kúrò nínú òfin láti 2005. Gbólóhùn náà fi ẹ̀sùn kan ọwọ́ ẹnì kan tí ó pa iná. Kò sọ fún wa pé àléébù lè ti ọ̀nà jíjìn wá, kí ó sì pa Ẹgbin, tí ó wà ní òdìkejì ọ̀sà, pẹ̀lú ẹni tí ó ń mu iná rẹ̀.

Òfin iná ọdún 2023 ti fún àwọn ìpínlẹ̀ láyè láti ṣètò iná tiwọn, Èkó sì ti ṣe òfin tirẹ̀ ní 2024. Bí Èkó bá ní ilé ìdarí tirẹ̀, tí Òṣogbo sì ṣì ń darí wáyà ńlá, ta ni yóò pàṣẹ fún wáyà tí ó wà lórí ọ̀sà ní alẹ́ tí ìlù bá ń fà sẹ́yìn? Kí a tó ri òpó tuntun kan mọ́lẹ̀ ní Ajah ni ó yẹ kí a ti kọ ìdáhùn náà sílẹ̀.