Láti Àlìkámà Dé Sóyà: Ìtàn Oògùn Apèbu Lára Irúgbìn

Ó ti pẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ ti ń po oògùn tí ń pa èbu mọ́ irúgbìn kí wọ́n tó gbìn ín. Ìtàn àṣà yìí fi hàn pé oògùn lè dáàbò bo irúgbìn tó dára, ṣùgbọ́n kò lè sọ èyí tó ti kú di alààyè.

Ilẹ̀ Faransé ni ìwádìí tó lókìkí lórí rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1755, Mathieu Tillet fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìyẹ̀fun dúdú tí ń lẹ̀ mọ́ irúgbìn àlìkámà ló ń ran àrùn kan kálẹ̀. Ní ọdún 1807, Bénédict Prévost ṣàlàyé pé ohun abẹ̀mí ni ìyẹ̀fun náà, àti pé omi tí èròjà bàbà wà nínú rẹ̀ kì í jẹ́ kí ó hù.

Nígbà tó di ọ̀rúndún ogún, oògùn tí wọ́n fi mẹ́kúrì ṣe gbòde kan. Ó pa èbu lóòótọ́, ṣùgbọ́n májèlé ni fún ènìyàn. Ní ọdún 1971, wọ́n kó irúgbìn tí wọ́n ti po oògùn yìí mọ́ wọ ilẹ̀ Ìráàkì fún gbíngbìn. Àwọn ará oko kan lọ̀ ọ́, wọ́n fi ṣe búrẹ́dì. Omi lè ṣí àwọ̀ ìkìlọ̀ tó wà lára irúgbìn náà, àmọ́ kò ṣí májèlé inú rẹ̀. Ènìyàn 6,530 ni wọ́n gbà sí ilé ìwòsàn. 459 nínú wọn kú síbẹ̀.

Bí lílo mẹ́kúrì ti ń dínkù, thiram àti captan wà lára àwọn oògùn tí wọ́n ń lò, títí kan ti sóyà. Bí èbu bíi Phomopsis bá wà lára irúgbìn sóyà, oògùn wọ̀nyí a máa jẹ́ kí púpọ̀ sí i hù. Ṣùgbọ́n irúgbìn tí ooru tàbí ìpakà ti pa kì í jí mọ́. Captan sì lè pa bakitéríà tí ń ṣiṣẹ́ nínú kókó ara gbòǹgbò sóyà.

Ọ̀dọ̀ irúgbìn fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti wá ojútùú ní Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti dán ọ̀gbìn sóyà wò ní Moor Plantation ní ọdún 1908. Ilé-iṣẹ́ IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1967, da ẹ̀yà sóyà Éṣíà pọ̀ mọ́ ti Amẹ́ríkà, kí irúgbìn rẹ̀ lè pẹ́ nínú àká láìkú.

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níhìn-ín fún olùkọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn: kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ dán híhù irúgbìn wò kó tó ronú oògùn, kó má sì jẹ irúgbìn olóògùn láéláé, bó ti wù kó fọ̀ ọ́ tó.