Wárápá, Gìrì àti Ọ̀ràn Ìwọ̀n Oògùn

Ní ọdún 1979, nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní abúlé kan ní ọ̀nà Akànrán, ọmọdébìnrin kan wà ní kíláàsì wa tí a kì í bá jẹun nínú àwo kan náà. Wárápá ni ó ń ṣe é. Àwọn àgbà ti sọ fún wa pé itọ́ ẹnu rẹ̀ ni àrùn náà fi ń ràn, a sì gbà bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ a máa ra oògùn funfun róbótó kan ní ìgboro Ìbàdàn, ọ̀bẹ ìdáná ni ó sì fi ń gé e sí méjì kí ó má baà tètè tán. Ní ọdún tí owó kòkó kò wọlé, oògùn náà dáwọ́ dúró lójijì. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí ọmọ náà fi ṣubú sínú iná àdògán. Àwọn tí ó wà nítòsí kò tètè fà á yọ, nítorí itọ́ ẹnu rẹ̀.

Phenobarbital ni oògùn náà. Ní ọdún 1912, dókítà ará Jámánì kan, Alfred Hauptmann, ń fún àwọn aláìsàn wárápá ní oògùn yìí kí wọ́n lè rí oorun sùn, ni ó bá ṣàkíyèsí pé gìrì wọn ń dínkù. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ó sì wúlò títí di òní. Ṣùgbọ́n bí a bá dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà, gìrì lè padà pẹ̀lú agbára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni a ń yọ ọ́ kúrò. Ta ni ó sọ èyí fún ìyá àgbẹ̀ kan?

Ẹ jẹ́ kí a má ṣe rò pé ọ̀ràn ìwọ̀n bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ oògùn òyìnbó. Nígbà tí ibà bá mú ọmọ ọwọ́ tí gìrì sì gbé e, àgbo tútù ni ọ̀pọ̀ ìdílé ní Lágelú àti Akínyẹlé máa ń sáré sí: ewé tábà, efinrin, aáyù àti oje ọsàn wẹ́wẹ́ tí a rẹ sínú ìtọ̀ màlúù. Àtẹ́lẹwọ́ ni a fi ń rọ ọmọ. Bí ọmọ ṣe lè gbé e mì tó ni ìwọ̀n rẹ̀. Èmi kò sí lára àwọn tí ń bú gbogbo àgbo, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn yẹ èyí wò láti ọdún 1970 síwájú, wọ́n sì rí i pé ó ń dá mímí dúró, ó sì ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Májèlé tábà wà nínú rẹ̀. Bí ọmọ bá kú, gìrì ni a ó sọ pé ó pa á.

Ọ̀jọ̀gbọ́n B. O. Ọ̀ṣúntókun ti UCH, tí ó di olóògbé ní 1995, ni ó kó àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Igbó-Òrà láti ojúlé dé ojúlé. Nínú àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1987, ènìyàn bíi márùn-ún nínú ẹgbẹ̀rún ni ó ní wárápá.

Oògùn kejì tí ó wọ́pọ̀, phenytoin, tí a mọ agbára rẹ̀ lórí wárápá ní 1938, le ju èkíní lọ láti wọ̀n. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń fọ́ ọ. Bí iṣẹ́ bá ti kún ọwọ́ ẹ̀dọ̀, èékún díẹ̀ péré a sọ ọ́ di májèlé. Ní Brisbane, ní Ọsirélíà, ní 1968, ilé iṣẹ́ tí ń ṣe kápúsù náà pààrọ̀ ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ń kún inú rẹ̀. Oògùn gan-an kò yí padà, síbẹ̀ àwọn aláìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni tí ó mu ẹmu yó. Níbi tí ẹ̀rọ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò bá sí, ohun tí nọ́ọ̀sì ní kò ju ojú rẹ̀ lọ: ẹyinjú tí ń gbọ̀n, ìrìn tí kò gún, èrìgì tí ó wú bo eyín.

Mo padà lọ kí ìyá ọmọ náà ní ìjọ́sí. Ó ṣì tọ́jú káàdì ilé ìwòsàn ọmọ rẹ̀ sínú báàgì ọ̀rá. Wọ́n kọ orúkọ oògùn sí i, wọ́n kọ “ẹ̀ẹ̀kan lálẹ́”. Níbi tí ó yẹ kí wọ́n kọ iye kílò ọmọ sí, òfìfo ni.