Òfin Oògùn Olóró ní Àríwá Ítálì: Láti Ọgbà Ewé Padua dé Ìdíje Turin

Ní ọdún 1545, ìjọba Venice, tó ń ṣàkóso Padua nígbà náà, pàṣẹ pé kí wọ́n dá ọgbà ewé sílẹ̀ fún yunifásítì ìlú náà. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn oníṣègùn ń ṣi ewé mú. Akẹ́kọ̀ọ́ a ka orúkọ ewé nínú ìwé àtijọ́, bó bá dé ọ̀dọ̀ elégbòogi, ohunkóhun tí wọ́n bá dì fún un ló máa gbà, ì báà jẹ́ ojúlówó, ì báà jẹ́ ayédèrú. Nínú ọgbà yìí, olùkọ́ ń fi ewé fúnra rẹ̀ han akẹ́kọ̀ọ́, èyí tó ń woni sàn àti èyí tó ń pani. Nígbà tí àwọn olè ń wọlé wá jí ewé olówó iyebíye, wọ́n mọ odi roboto yí i ká ní 1552. Odi náà wà níbẹ̀ títí dòní, àwọn ewé olóró sì wà nínú rẹ̀. Ìlànà Padua kò le: ewé tó bá léwu, kí a mọ̀ ọ́n, kí a mọ odi yí i ká, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n máa ṣọ́ ọ. Ọ̀nà tí òfin oògùn ilẹ̀ Ítálì gbà lẹ́yìn náà kò bá ìlànà yìí mu.

Igbó, ìyẹn cannabis, pàápàá kì í ṣe àjèjì ní àríwá Ítálì. Ní Carmagnola, nítòsí Turin, àwọn àgbẹ̀ ti ń gbin irú rẹ̀ kan láti ayébáyé fún okùn àti aṣọ, irúgbìn náà sì ń jẹ́ orúkọ ìlú yẹn di báyìí. Irú tó ń gun orí wá láti ìlà oòrùn. Ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Carlo Erba, apòògùn ní Milan, ń tà á, dókítà ọpọlọ Andrea Verga sì tọ́ ọ wò fúnra rẹ̀, ó kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sílẹ̀. Paolo Mantegazza, ọmọ Monza, ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ewé kókà tó jẹ ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1859. Kò sí ẹni tó pariwo lé wọn lórí.

Láti Pavia ni ìmọ̀ mìíràn ti wá. Ní àwọn ọdún 1930, Vittorio Erspamer rí èròjà kan nínú ìfun ẹran tó pè ní enteramine. Ó pẹ́ kí ayé tó mọ̀ pé èròjà kan náà ni serotonin, èyí tó wà nínú ọpọlọ ènìyàn. Ojú ọ̀nà serotonin yìí ni LSD àti psilocybin, èròjà inú àwọn olú kan, ń gbà wọlé tí wọ́n fi ń mú ènìyàn ríran. Albert Hofmann ló ṣe LSD ní ilé iṣẹ́ Sandoz ní Basel ní 1938, ní 1943 ló tó mọ agbára rẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ oògùn ọpọlọ pé jọ sí Milan ní 1957, ohun ìwádìí ni LSD jẹ́ lójú wọn.

Láàárín ọdún mẹ́wàá péré lẹ́yìn náà, ní Milan yìí kan náà, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1966, àwọn ọ̀dọ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé kékeré kan tí wọ́n pè ní Mondo Beat. Nígbà tó di 1967, wọ́n háyà ilẹ̀ kan ní òpópónà Ripamonti, wọ́n pa àgọ́ síbẹ̀. Ìwé ìròyìn Corriere della Sera sọ ibẹ̀ ní Nuova Barbonia, ìyẹn ìlú tuntun àwọn aláìnílé. Lójoojúmọ́ ni àwọn ìwé ìròyìn ń kọ̀wé nípa ìdọ̀tí, ìṣekúṣe àti oògùn tí wọ́n ní ó wà níbẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 12, oṣù kẹfà, ọlọ́pàá dé. Àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó ìlú tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú oògùn apakòkòrò. Wọ́n wó àgọ́, wọ́n sì fín ilẹ̀ náà bí ẹni pé àrùn ló sùn síbẹ̀.

Ohun tó mú irú ariwo bẹ́ẹ̀ rọrùn ni ọ̀rọ̀ èdè Ítálì kan ṣoṣo, droga, ìyẹn oògùn. Nínú ìwé ìròyìn, droga ni igbó, droga ni LSD, droga ni heroin. (Yorùbá náà mọ ìṣòro yìí: oògùn ni èyí tí dókítà fúnni, oògùn ni èyí tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ń fi «olóró» kún un.) Heroin ń pa àwọn ọmọ Milan àti Turin ní àwọn ọdún 1970, ìbẹ̀rù rẹ̀ kò sì jẹ́ àsọdùn. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé wọ́n da ìbẹ̀rù heroin bo gbogbo yòókù. Re Nudo, ìwé àwọn ọ̀dọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Milan ní 1970, wà lára àwọn tó tètè ní kí wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ní Turin, àlùfáà Luigi Ciotti àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Gruppo Abele, ṣí ibùdó fún àwọn tí oògùn ti di bárakú fún ní 1973. Ní 1975 wọ́n pa àgọ́ sí gbàgede Solferino, wọ́n ń gbààwẹ̀ kí ìjọba lè ṣe òfin tuntun. Kò sí ẹni tó fín àgọ́ yìí. Nínú oṣù Kejìlá, òfin 685 jáde: ẹni tí wọ́n bá ká ìwọ̀nba oògùn olóró mọ́ lọ́wọ́ fún ìlò ara rẹ̀ kò ní lọ sẹ́wọ̀n. Òfin ọdún 1990 dá ìjìyà padà. Ìbò tí ará ìlú dì ní oṣù kẹrin ọdún 1993 tún mú un kúrò.

Èyí tó ya ni lẹ́nu jù ni ti ìdíje Òlíńpíìkì ìgbà òtútù tó wáyé ní Turin ní 2006. Ní ọjọ́ 30, oṣù Kejìlá, ọdún 2005, ìjọba gbé àṣẹ pàjáwìrì jáde nípa ààbò àti owó ìdíje náà. Nínú rẹ̀ ni abala kékeré kan wà nípa ìtọ́jú àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí oògùn ti di bárakú fún. Nígbà tí àṣẹ náà dé ilé aṣòfin, wọ́n so odindi àtúnṣe òfin oògùn olóró mọ́ abala yìí. Ìjọba so ẹ̀mí ara rẹ̀ mọ́ ìbò náà: bí ó bá ṣubú, àwọn náà ṣubú. Ó di òfin 49 ní ọjọ́ 21, oṣù kejì, nígbà tí àwọn eléré ṣì ń sáré lórí yìnyín. Àtẹ kan ṣoṣo ni ó kó igbó, LSD, psilocybin àti heroin sí, ẹ̀wọ̀n ọdún 6 sí 20 ló sì wà fún ẹni tó bá tà wọ́n. Ọdún 2 sí 6 ni ti igbó tẹ́lẹ̀.

Àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n kún. Ní oṣù kìíní ọdún 2013, ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù dá Ítálì lẹ́bi nítorí àwọn ẹlẹ́wọ̀n kan ní Busto Arsizio àti Piacenza: yàrá onímítà mẹ́sàn-án níbùú-lóròó ni ènìyàn mẹ́ta ń pín. Kì í ṣe òfin oògùn nìkan ló fà á, ṣùgbọ́n ipa tirẹ̀ kò kéré.

Yorùbá ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á dọṣẹ. Ewé yìí pẹ́ fún ọdún mẹ́jọ lára òfin Òlíńpíìkì, kò dọṣẹ. Ní oṣù kejì ọdún 2014, Ilé Ẹjọ́ tó ń rí sí Ìwé Òfin Ilẹ̀ Ítálì fagi lé àtúnṣe náà, ó ní ohun tí wọ́n so mọ́ àṣẹ náà kò bá a tan. Igbó padà sí àtẹ tirẹ̀. LSD àti psilocybin kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ heroin. Ní 2021, àwọn tó lé ní 600,000 fọwọ́ sí ìwé pé kí ará ìlú dìbò lórí igbó. Ilé ẹjọ́ yìí kan náà dí i lọ́nà ní oṣù kejì ọdún 2022, nítorí pé ìbéèrè náà kan ewé kókà àti ewé tí wọ́n fi ń ṣe heroin.

Àwọn tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ìlò LSD àti psilocybin bófin mu kò ní kí wọ́n máa tà wọ́n lójú títì. Ohun tí wọ́n ń béèrè súnmọ́ ìlànà Padua: kí dókítà kọ́kọ́ yẹ aláìsàn wò, kí ẹni tí àrùn ọpọlọ wà nídìílé rẹ̀ yàgò, kí wọ́n díwọ̀n oògùn, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n jókòó tì í títí yóò fi tán lára rẹ̀. Ní Switzerland, tó bá Ítálì pààlà, dókítà lè tọrọ àyè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba. Ní Ítálì, inú ìwádìí sáyẹ́ǹsì nìkan ni aláìsàn ti lè rí i. Ọdún 2025 ni wọ́n kéde ìwádìí àkọ́kọ́ tí wọ́n máa fi psilocybin ṣe fún àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wọn kò gbọ́ oògùn, Chieti, ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ náà, sì wà lára ibi tí yóò ti wáyé.