Orúkọ Tí Wọ́n Sọ Ojú: Láti Baghdad Dé Ọ̀dọ̀ Wa

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú lọba ara. Ọ̀rọ̀ yìí kò ní àríyànjiyàn nínú. Ṣùgbọ́n ọba tí a kò mọ orúkọ àwọn ìjòyè rẹ̀, ta ni a ó pè nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́ láàfin? A fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ àti ẹ̀yin òbí bá wa wo ìtàn bí àwọn onímọ̀ ṣe sọ ẹ̀yà ojú àti àrùn rẹ̀ lórúkọ. Orúkọ a máa la ènìyàn lójú, a sì tún máa ṣi ènìyàn lọ́nà.

Ní ọ̀rúndún kẹsàn-án, nígbà tí àwọn Khalifa Abbasid ń jọba ní Baghdad, oníṣègùn kan wà tó ń jẹ́ Hunayn ibn Ishaq, ẹni tó kú ní 873. Ẹlẹ́sìn Kìrìsìtẹ́nì ni, síbẹ̀ àwọn Khalifa Mùsùlùmí fi iṣẹ́ ìmọ̀ lé e lọ́wọ́, nítorí wọ́n mọ̀ pé ìmọ̀ kò ní ẹ̀yà. Ó túmọ̀ ìwé Galen, àgbà oníṣègùn Gíríìkì, ó sì kọ ìwé tirẹ̀ nípa ojú, tó pín sí ọ̀nà mẹ́wàá.

Ẹ wo bí orúkọ ṣe rìn. Awọ tó mọ́ gaara níwájú ẹyinjú, àwọn Gíríìkì fi wé ìwo ẹran tí a fá títí tó fi fẹ́lẹ́. Àwọn Lárúbáwá pè é ní qarniyya, láti ara qarn, tí í ṣe ìwo. Awọ aláwọ̀ tó yí ọmọlójú ká, wọ́n fi wé èèpo èso àjàrà, wọ́n pè é ní inabiyya. Èyí tó tẹ́ sẹ́yìn ẹyinjú pẹ̀lú iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́, wọ́n fi wé àwọ̀n apẹja, wọ́n pè é ní shabakiyya. Ní ọ̀rúndún kọkànlá àti ìkejìlá, àwọn bíi Constantine, ọmọ Àríwá Áfíríkà tó lọ gbé ní Ítálì, àti Gerard ará Cremona, tó ṣiṣẹ́ ní Toledo, sọ ìwé Lárúbáwá di Látìn. Ìwo di cornea, àjàrà di uvea, àwọ̀n di retina. Orúkọ wọ̀nyí náà ni dókítà ojú ń pè ní ọsibítù wa lónìí.

Ti ọmọlójú tiẹ̀ dùn jù. Lárúbáwá ń pè é ní insan al-ayn, ìyẹn ènìyàn inú ojú. Orúkọ tí àwọn ará Róòmù fún un túmọ̀ sí ọmọbìnrin kékeré. Àwa Yorùbá ní ọmọlójú. Kò yani lẹ́nu, nítorí ẹni tó bá tẹjú mọ́ ojú ẹnì kejì yóò rí àwòrán ara rẹ̀ níbẹ̀, bín-ín-tín bí ọmọdé.

Oníṣègùn ojú fúnra rẹ̀, kahhal ni wọ́n ń pè é, láti ara kuhl, tìróò. Ọ̀kan nínú wọn ni Ali ibn Isa ti Baghdad, ẹni tí ìwé rẹ̀ ṣe àlàyé àrùn ojú bí 130. Èkejì ni Ammar ará Mosul, tó ṣiṣẹ́ ní Íjíbítì lásìkò Khalifa al-Hakim, tó jọba láti 996 sí 1021.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti wá ta kókó. Nígbà tí ọmọlójú bá funfun tí ènìyàn kò sì ríran mọ́, àwọn àgbà wọ̀nyẹn gbà pé omi ló ti orí sọ̀kalẹ̀ wọ ojú. Lárúbáwá pè é ní omi tó ń sọ̀kalẹ̀; Látìn pè é ní cataract, ìtàkìtì omi. Wọ́n a fi abẹ́rẹ́ ti ohun funfun náà sí ìsàlẹ̀ ẹyinjú. Ammar lo abẹ́rẹ́ oníhò láti fà á jáde. Ọgbọ́n ńlá ni fún ìgbà yẹn, ṣùgbọ́n orúkọ ti ṣi wọ́n lọ́nà. Kì í ṣe omi rárá. Ẹ̀yà kan tó mọ́ bíi dígí nínú ojú ló ṣú. Ọdún 1705 ni Brisseau, ará Faransé, tú ojú òkú kan wò tó sì rí i bẹ́ẹ̀. Ní 1747, Daviel yọ ọ́ jáde lójú alààyè.

Ibn al-Haytham ló fi hàn wá bí a ṣe ń yẹ ohun tí a jogún wò. Wọ́n bí i ní Basra ní nǹkan bí 965. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìgbà náà ló ní ojú ni í tan ìtànṣán jáde láti lọ bá ohun tí à ń wò. Ó kọ̀. Ó ní ẹni tó bá tẹjú mọ́ oòrùn, ojú á ta á. A jẹ́ pé nǹkan ló wọlé. Nínú ìwé rẹ̀, Kitab al-Manazir, ó là á yé wa pé ìmọ́lẹ̀ ni í ti ara nǹkan wá sínú ojú. Kò mọ gbogbo rẹ̀ tán: ní 1604 ni Kepler, ará Jámánì, fi hàn pé orí retina ni àwòrán ń bọ́ sí. Bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ ń rìn.

Àwa náà ńkọ́? Ní 1969, àrùn ojú pípọ́n bẹ́ sílẹ̀ ní Ghana, ó sì tàn ká Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọdún náà ni Apollo 11 gbé ènìyàn dé òṣùpá, la bá sọ àrùn náà ní Àpólò. Títí di òní, àwọn ọmọ wa ṣì ń sá fún wíwo ojú alápólò kí wọ́n má baà kó o. Ojú kì í ju nǹkan síta! Ọwọ́, aṣọ ìnujú àti ìrọ̀rí ni í gbé e kiri. Ọwọ́ fífọ̀ ni òògùn ìdènà rẹ̀.

Èyí tó burú jù ni pé nígbà tí ojú àgbàlagbà bá ń ṣe bàìbàì, a ó ní ọjọ́ ogbó ni. Lárúbáwá òde òní ya méjì sọ́tọ̀: omi funfun, ìyẹn cataract, àti omi aláwọ̀ aró, ìyẹn glaucoma. Omi kọ́ ni èkejì náà. Iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ ló ń kú díẹ̀díẹ̀, láìsí ìrora. Àwọn méjèèjì ló ń fọ́ ojú jù ní Nàìjíríà. Iṣẹ́ abẹ lè dá ìríran alákọ̀ọ́kọ́ padà. Ti èkejì, èyí tó bá ti lọ ti lọ. Kí a tètè mọ̀ ọ́n ló lè dá ìyókù sí. Síbẹ̀ àwọn kan ṣì ń kiri pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àtijọ́, ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti fọ́ sí wọn lọ́wọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ mú bàbá àti ìyá yín lọ fún àyẹ̀wò ojú, kí ẹ sì bi dókítà pé kí ni orúkọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Kí Ọlọ́hun dá ojú wa sí, kó sì fi ìmọ̀ là á. Àmín.