Hẹ́rọ́dù Ńlá: Ọba tí Ìfura Sọ Di Ikú Ilé

Orúkọ Hẹ́rọ́dù kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ka Bíbélì Mímọ́. Ní àsìkò Kérésìmesì, a máa ń gbọ́ nínú Ìhìn Rere Mátíù orí kejì bí ó ti pàṣẹ kí a pa àwọn ọmọkùnrin wẹ́wẹ́ ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ni pé ọmọ ọlọ́mọ nìkan kọ́ ni ọba yìí pa. Ó pa aya rẹ̀, ó pa ìyá aya rẹ̀, ó sì pa mẹ́ta nínú àwọn ọmọ bíbí rẹ̀. Kí ẹ̀yin òǹkàwé wa má ṣe ṣì í mú fún Hẹ́rọ́dù Áńtípà, ọmọ rẹ̀, ẹni tí ó bẹ́ Jòhánù Onítẹ̀bọmi lórí.

Ìgbéyàwó tí ìbẹ̀rù bá wọlé

Ará Édómù ni baba Hẹ́rọ́dù, Antipater. Ìyá rẹ̀, Cypros, sì wá láti ilẹ̀ àwọn Lárúbáwá. Ní ọdún 40 ṣáájú Kristi ni ìgbìmọ̀ àwọn àgbà Róòmù fi í jẹ ọba àwọn Júù. Ní ọdún 37, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Róòmù, ó gba Jerúsálẹ́mù. Ọdún yìí kan náà ni ó gbé Mariamne níyàwó, ọmọbìnrin ìdílé Hasmonea, ìdílé ọba tí òun fúnra rẹ̀ gba ìtẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ó ti lé Doris, aya rẹ̀ àkọ́kọ́, àti Antipater, ọmọ tí ó bí fún un, kúrò nílé.

Ó fẹ́ràn Mariamne dé òpin. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé àwọn ènìyàn ka ẹbí obìnrin náà sí ẹni tí ìtẹ́ tọ́ sí ju òun lọ. Aristobulus, àbúrò Mariamne, jẹ́ olórí àlùfáà nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 17, àwọn ará ìlú sì ń hó ìhó ayọ̀ nígbà tí wọ́n rí i. Kò pẹ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi kú sínú adágún omi ní Jẹ́ríkò, ní nǹkan bí ọdún 35. Josephus, òpìtàn Júù tí a bí ní ọdún 37 lẹ́yìn Kristi, kọ̀wé pé àwọn ìránṣẹ́ ọba ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ rì bí ẹni ń ṣeré.

Àṣẹ ìkọ̀kọ̀

Nígbà tí Mark Antony ránṣẹ́ pe Hẹ́rọ́dù láti wá jẹ́jọ́, ó fi àṣẹ sílẹ̀ fún Joseph, ọkọ Salome, àbúrò rẹ̀ obìnrin: bí òun kò bá padà, kí ó pa Mariamne, kí ọkùnrin mìíràn má baà ní i. Joseph sọ ọ̀rọ̀ náà fún Mariamne, ó rò pé ẹ̀rí ìfẹ́ ni. Nígbà tí Hẹ́rọ́dù mọ̀ pé àṣírí tú, ó gbà pé àwọn méjèèjì ti bá ara wọn ṣe pọ̀, ó sì pa Joseph.

Ní ọdún 30, ó tún fi irú àṣẹ yìí lé Sohaemus lọ́wọ́ nígbà tí ó ń lọ bá Octavian, ẹni tí ó padà di Késárì Augustu. Àṣírí tún tú. Láti ìgbà náà ni Mariamne kò ti fi ojú rere wò ó mọ́. Salome rí àyè, ó ń sọ̀rọ̀ sí ọba létí, ó sì rán agbọ́tí kan láti wí pé ayaba fẹ́ kí òun fi oògùn sí ohun mímu ọba. Wọ́n pa Sohaemus. Wọ́n dá Mariamne lẹ́jọ́, wọ́n sì pa á ní ọdún 29.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ọkàn ọba dàrú pátápátá. Ó ń ké orúkọ rẹ̀, ó sì ń pàṣẹ fún àwọn ìránṣẹ́ pé kí wọ́n lọ pè é wá, bí ẹni pé ó ṣì wà láàyè. Ó sá lọ sí aginjù láti máa ṣọdẹ, àìsàn sì dá a dùbúlẹ̀ ní Samáríà. Alexandra, ìyá Mariamne, gbìyànjú láti gba àwọn ilé ìṣọ́ Jerúsálẹ́mù ní àkókò àìsàn yìí. Hẹ́rọ́dù pa òun náà.

Ó kan àwọn ọmọ

Alexander àti Aristobulus, àwọn ọmọkùnrin tí Mariamne bí fún un, lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Róòmù, wọ́n sì padà ní nǹkan bí ọdún 17. Àwọn olófòófó tún bẹ̀rẹ̀, pàápàá Salome àti Antipater, ọmọ Doris, tí ọba ti pè padà sílé. Ní ọdún 12, Késárì fúnra rẹ̀ parí ìjà baba àti ọmọ, ṣùgbọ́n àlàáfíà náà kò tọ́jọ́. Hẹ́rọ́dù ń dá àwọn ìránṣẹ́ lóró kí wọ́n lè jẹ́wọ́. Ẹni tí ìyà bá sì pọ̀ fún a máa dárúkọ ẹlòmíràn kí ìyà lè dáwọ́ dúró. Ní ọdún 7, ilé ẹjọ́ kan jókòó ní Berytus, ìlú tí a ń pè ní Beirut lónìí, ó sì dá àwọn ọmọ náà lẹ́bi. Tero, àgbà ọmọ ogun kan, kò ojú ọba, ó sì sọ òtítọ́ fún un. Ìyẹn ni ó fi pàdánù ẹ̀mí rẹ̀. A fún àwọn ọmọ méjèèjì lọ́rùn pa ní Samáríà.

Ní ọdún 4, Hẹ́rọ́dù pa Antipater náà lórí ẹ̀sùn pé ó fẹ́ fún òun ní májèlé. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà ni òun fúnra rẹ̀ kú ní Jẹ́ríkò.

Ohun tí a lè rí kọ́

Ní ọdún 2007, Aryeh Kasher, onímọ̀ ìtàn, pẹ̀lú Eliezer Witztum, oníṣègùn ọpọlọ, tẹ ìwé kan jáde tí ó ṣàlàyé pé àìsàn ìfura ni ó ń bá ọba yìí jà. Òótọ́ ni pé kò sí dókítà tí ó lè yẹ òkú ẹgbẹ̀rún ọdún méjì wò. Òótọ́ sì ni pé Hẹ́rọ́dù ní ọ̀tá gidi. Síbẹ̀, ọba yìí kan náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí tún Tẹ́ḿpìlì Jerúsálẹ́mù kọ́ ní nǹkan bí ọdún 20, tí ó sì kọ́ èbúté Kesaríà. Iṣẹ́ rẹ̀ ń dán lóde, ilé rẹ̀ ń jó. Nítorí náà, kí a má ṣe rò pé ẹni tí ó ń ṣe dáadáa níbi iṣẹ́ tàbí nínú ìjọ kò lè jẹ́ ewu fún àwọn ará ilé rẹ̀.

Ó yẹ kí a sọ ọ́ kedere pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí ó ní àìsàn ọpọlọ kì í pa ẹnikẹ́ni lára. Ohun tí ó sọ ìfura Hẹ́rọ́dù di ikú ni pé agbára rẹ̀ kò ní ààlà, àwọn tí ó yí i ká ń jèrè nínú òfófó, ẹni tí ó bá sì sọ òtítọ́ fún un ń kú.

Bí ọkọ bá wí fún aya rẹ̀ pé bí òun kò bá ní i, ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ ní i, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bíi ti Joseph, kí ó pe ọ̀rọ̀ náà ní ìfẹ́. Ìkìlọ̀ ikú ni. Kí aya àti àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀ lọ sí ibi tí ààbò wà, kí wọ́n sì sọ fún ẹni tí ó lè gbà wọ́n. Kí ẹbí sì mú ọkùnrin náà lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ọpọlọ ní kíákíá. Àdúrà kò bá ìtọ́jú ilé ìwòsàn jà.

Àwọn àgbà wa sọ pé bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Gbogbo ọjọ́ ayé Hẹ́rọ́dù ni ó fi ń wá ikú ilé náà kiri láàárín aya àti ọmọ. Òun fúnra rẹ̀ ni ikú náà.