Rẹ́gẹ̀ Kì í Ṣe Ọmọ Ìlù Yorùbá

Láti Ìdáàṣà ní Benin títí dé Ìbàdàn, ẹni tó fẹ́ràn rẹ́gẹ̀ á ti gbọ́ ọ rí: wọ́n ní àwọn baba wa tí wọ́n kó lẹ́rú ló gbé ìlù wọn dé Jàmáíkà, pé ìlù yẹn ló di rẹ́gẹ̀. Ó dùn ún gbọ́, pàápàá láàárín òkè 41 Ìdáàṣà, níbi tí àwọn ènìyàn ti sá gorí àpáta nígbà tí ogun Dàhómì ń kó wọn lẹ́rú. Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀.

Fíìmù wà lára ohun tó mú kí ìtàn náà rinlẹ̀. Ilé ẹrú kan létí òkun Gánà ni Marley, tí Kevin Macdonald gbé jáde ní 2012, fi bẹ̀rẹ̀, kó tó bọ́ sọ́dọ̀ Bob Marley lórí ìtàgé. Ẹni tó bá wò ó ní Ìdáàṣà, tó sì mọ̀ pé Ouidah ni wọ́n ti ń kó àwọn èèyàn wa wọkọ̀, á fúnra rẹ̀ parí ìyókù.

Ìbẹ̀rẹ̀ Rockers, tí Ted Bafaloukos ṣe ní 1978, ni kí ẹ fara balẹ̀ wò, níbi tí àwọn Rásítà ti jókòó ti ìlù wọn. Mẹ́ta ni ìlù yìí, tí wọ́n ń pè ní Nyabinghi. Èyí tó tóbi jù ń dún gbì, gbì, igi tí wọ́n fi aṣọ wé lórí ni wọ́n fi ń lù ú. Fundeh ń tẹ̀lé e, kì í yà síhìn-ín sọ́hùn-ún. Èyí tó kéré jù, tí ohùn rẹ̀ há, ni í máa dárà. Ẹ bi onílù ilé yín léèrè bóyá omele ló ń darí ìyáàlù! Ètò Nyabinghi yìí, inú Kumina ni ẹ ti máa rí ìbátan rẹ̀, ìlù àwọn ọmọ Kóńgò ní St Thomas, ní ìlà-oòrùn Jàmáíkà: kbandu olóhùn nípọn ń tẹ̀lé, ìlù olóhùn tínrín ń dárà. Count Ossie, tó lu ìlù yìí sínú àwo "Oh Carolina" ní nǹkan bí 1960, St Thomas ni wọ́n bí i sí, ọwọ́ àwọn onílù Buru, irú ìlù Jàmáíkà mìíràn, ní Kingston ló sì ti kọ́ṣẹ́.

Ìlù nìkan kọ́. Orin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ni Duke Reid àti Coxsone Dodd kọ́kọ́ ń fi ẹ̀rọ agbóhùn wọn gbé síta ní ìgboro Kingston. Ibẹ̀ ni ska ti jáde, rocksteady tẹ̀lé e, rẹ́gẹ̀ sì dé ní nǹkan bí 1968. The Harder They Come (1972) fi ìgboro yẹn hàn bó ṣe rí: ọmọ oko kan wọ Kingston láti kọrin, 20 dọ́là péré ni oníṣòwò àwo san fún un lórí orin rẹ̀. Bí a bá wá ní tiwa ni rẹ́gẹ̀, iṣẹ́ irú àwọn tálákà bẹ́ẹ̀ àti ti àwọn ọmọ Kóńgò ni a ń gbà lọ́wọ́ wọn.

A ní ará ní Jàmáíkà o, àwọn gan-an ni a sì ń gbàgbé. Láàárín 1841 sí 1867, lẹ́yìn tí wọ́n ti tú àwọn ẹrú ibẹ̀ sílẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì kó nǹkan bí 10,000 ènìyàn Áfíríkà lọ síbẹ̀ fún iṣẹ́ oko, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ àwọn tí wọ́n gbà kúrò nínú ọkọ̀ ẹrú lójú òkun. Àwọn Yorùbá wà nínú wọn. Abúlé kan ń jẹ́ Abeokuta ní Westmoreland títí dòní, Nàgó ni wọ́n sì ń pe àwọn ará ibẹ̀, bí wọ́n ṣe ń pe àwa náà ní Benin. Ní Hanover, ijó tí wọ́n ń pè ní Etu ni àwọn ọmọ Nàgó ń ṣe fún àwọn òkú wọn. Ìlù aláwọ ewúrẹ́ àti garawa kẹrosíìnì ni wọ́n ń lù sí i. Wọ́n á fi ìborùn kọ́ ẹni tó ń jó lọ́rùn, wọ́n á sì rọra tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn láti ìbàdí. Nínú gbogbo fíìmù rẹ́gẹ̀ tí mo ti wò, kò sí èyí tó gbé kámẹ́rà débẹ̀, ó sì ń dùn mí.

Ẹlòmíràn á ní, Peter Tosh ńkọ́? Òótọ́ ni, Westmoreland ni wọ́n bí i sí ní 1944. Ṣùgbọ́n Trenchtown ní Kingston ló ti pàdé Bob Marley àti Bunny Wailer, níbi tí Joe Higgs ti kọ́ wọn bí a ṣe ń pa ohùn pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tipasẹ̀ Tosh so rẹ́gẹ̀ mọ́ òkè Ìdáàṣà, kó kọ́kọ́ fi ìlù Nàgó hàn wá nínú àwo rẹ̀.