Kí ló ń dá èéfín padà sínú ilé ìdáná, báwo ni a sì ṣe lè fi afẹ́fẹ́ gbé e jáde?

Nínú ọ̀pọ̀ ilé ìdáná, ilé iṣẹ́ búrẹ́dì àti àgọ́ ẹja yíyan káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n ti ri ọ̀pá èéfín mọ́ orí ààrò kí èéfín lè máa gba òrùlé jáde. Síbẹ̀, bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́, èéfín á ṣẹ́rí padà, á sì kún inú ilé. Ẹni tó ń dáná á máa wúkọ́, omi á máa bọ́ lójú rẹ̀, iná gan-an á sì máa kú.

Afẹ́fẹ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dá lẹ́bi. Àmọ́ afẹ́fẹ́ kan náà tó ń ti èéfín wọlé lè fà á jáde, bí ibi tí ẹnu ọ̀pá dúró sí, gíga rẹ̀ àti ìderí orí rẹ̀ bá bá ìṣesí afẹ́fẹ́ àdúgbò mu.

Ọ̀rọ̀ náà kọjá kí ojú máa ta ni. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ṣírò pé ní ọdún 2020, èèyàn mílíọ̀nù 3.2 ló kú nítorí èéfín iná ìdáná tó ń ba atẹ́gùn inú ilé jẹ́. Àwọn ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 5 tó wà lára wọn lé ní 237,000. Àìsàn ọkàn, rọpárọsẹ̀ àti àìsàn ẹ̀dọ̀fóró wà lára ohun tí èéfín náà ń fà.

Èyí tí a kò lè fojú rí tún burú ju èyí tí a ń rí lọ. Igi tàbí èédú tí kò jó tán máa ń tú gáàsì carbon monoxide jáde. Gáàsì yìí kò ní àwọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò ní òórùn, agbára tó sì fi ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ti ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Ìdí nìyí tí èédú pípọ́n tí kò rú èéfín mọ́ fi lè pa ènìyàn nínú yàrá tí wọ́n tì pa.

Kí ló ń gbé èéfín gòkè?

Ooru ni àkọ́kọ́. Atẹ́gùn gbígbóná fúyẹ́ ju atẹ́gùn tútù lọ. Nítorí náà, èéfín tó gbóná á gòkè nínú ọ̀pá, atẹ́gùn tútù á sì gba ẹnu ààrò wọlé láti rọ́pò rẹ̀. Bí ọ̀pá bá ṣe ga sí, tí inú rẹ̀ sì gbóná sí, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe lágbára láti fa èéfín sí. Èyí ló fà á tí èéfín fi máa ń pọ̀ nínú ilé nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dáná: ọ̀pá kò tíì gbóná.

Afẹ́fẹ́ ni ìkejì. Bí afẹ́fẹ́ bá ń sáré kọjá lórí ẹnu ọ̀pá láìsí ìdíwọ́, agbára tí atẹ́gùn fi ń ti nǹkan máa ń dínkù ní ẹnu ibẹ̀. Atẹ́gùn inú ilé, tí agbára tirẹ̀ kò dínkù, á wá ti èéfín jáde. Ọ̀nà yìí náà ni fílíìtì tí wọ́n ń fọwọ́ tì láyé àtijọ́ fi ń fa oògùn ẹ̀fọn gòkè láti inú agolo rẹ̀.

Ìgbà wo ni afẹ́fẹ́ ń di ọ̀tá?

Bí afẹ́fẹ́ bá pàdé ilé, á kọlu ògiri, á gun òrùlé, á sì já bọ́ sí òdìkejì bí omi tó ń já láti orí àpáta. Ní apá ibi tó ti ń bọ̀, ó ń ti ilé gidigidi. Ní òdìkejì, á máa yí po, á sì máa já wálẹ̀. Ọ̀pá èéfín tí ẹnu rẹ̀ kò kọjá góńgó òrùlé lè bọ́ sínú ìyípo yìí, afẹ́fẹ́ á sì máa rọ́ èéfín padà sínú rẹ̀.

Ìṣòro yìí ti pẹ́. Ní ọdún 1785, nígbà tí Benjamin Franklin ń ti Yúróòpù padà sí Amẹ́ríkà nínú ọkọ̀ ojú omi, ó kọ lẹ́tà gígùn sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, Jan Ingenhousz, lórí ohun tó ń mú kí èéfín kún inú ilé. Ohun mẹ́sàn-án ló kà sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni òkè tàbí ilé gíga tó wà nítòsí, tí afẹ́fẹ́ ń gba orí rẹ̀ já lu ẹnu ọ̀pá. Òmíràn ni ilé tí wọ́n dí pa débi pé atẹ́gùn kò rọ́nà wọlé láti rọ́pò èéfín tó yẹ kó jáde.

Fèrèsé náà ní ipa tirẹ̀. Bí fèrèsé kan ṣoṣo tó ṣí bá wà ní ẹ̀yìn ilé, níbi tí afẹ́fẹ́ kò kọjú sí, afẹ́fẹ́ lè máa fa atẹ́gùn inú ilé gba ibẹ̀ jáde. Ọ̀pá èéfín ni atẹ́gùn mìíràn á wá gbà wọlé, tòun tèéfín. Fáànù tó ń fa atẹ́gùn ilé ìdáná síta lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú.

Ọyẹ́ àti òjò kò gba ọ̀nà kan náà wá

Ní agbègbè wa, afẹ́fẹ́ kì í dúró sójú kan láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin. Nígbà ọyẹ́, láti àríwá ìlà-oòrùn ló ti ń fẹ́ wá, láti aṣálẹ̀ Sàhárà. Nígbà òjò, láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni, láti orí Òkun Àtìláńtíìkì. Ìjì tó máa ń ṣáájú òjò ńlá sì sábà máa ń ti ìlà-oòrùn wá.

Nítorí kí òjò má baà wọlé, àwọn kan máa ń tẹ ẹnu ọ̀pá kọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ẹnu náà bá kọjú sí gúúsù ìwọ̀-oòrùn, kò ní sí wàhálà nígbà ọyẹ́. Bí ìgbà òjò bá dé, tààrà ni afẹ́fẹ́ òkun á máa fẹ́ wọ inú rẹ̀. Ẹni tó ń gbé Èkó, Kùtọnu, Lomé tàbí Accra yóò rí i pé ọ̀pá tó ṣiṣẹ́ dáadáa lóṣù Kínní lè máa dà á láàmú lóṣù Keje.

Ìderí tó ń yí pẹ̀lú afẹ́fẹ́

Ní agbègbè Kent nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ilé kan wà tí wọ́n fi ń sá òdòdó hop, èyí tí wọ́n fi ń pọn bíà. Lórí òrùlé wọn tó rí ṣóńṣó, wọ́n gbé ìderí onígi funfun kan tí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń yí ìderí náà, tó fi jẹ́ pé ẹ̀yìn ló máa ń kọ sí afẹ́fẹ́ nígbà gbogbo, ẹnu rẹ̀ á sì wà ní òdìkejì. Bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá ló ń fa atẹ́gùn gbígbóná jáde láti ìsàlẹ̀.

Wẹ́dà tó mọṣẹ́ lè fi irin ṣe irú rẹ̀. Àmọ́ ó ní láti máa gba gírísì déédéé. Bí ó bá dógùn-ún tó sì há, tí ẹnu rẹ̀ wá kọjú sí afẹ́fẹ́, ó burú ju àìní ìderí lọ.

Ẹni tí kò fẹ́ èyí tó ń yí lè lo páànù pẹrẹsẹ tó dúró lókè ẹnu ọ̀pá, kí òjò má baà wọlé, kí ọ̀nà sì ṣí yípo. Kí àlàfo tó wà láàárín páànù àti ẹnu ọ̀pá má ṣe kéré ju ìdajì ìbú ọ̀pá lọ. Bí ọ̀pá bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20, àlàfo náà gbọ́dọ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi afẹ́fẹ́ nìkan ṣe agbójúlé, nítorí ọjọ́ wà tí ewé kì í mì. Ooru àti gíga ọ̀pá ló ni iṣẹ́. Olùrànlọ́wọ́ ni afẹ́fẹ́.

Ohun tí ẹ lè ṣe

• Ẹ gbé ọ̀pá ga. Ìlànà tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà ni pé kí ó fi ẹsẹ̀ bàtà 3, ó kéré tán, ga ju ibi tó ti yọ lórí òrùlé lọ, kí ó sì fi ẹsẹ̀ bàtà 2 ga ju ohunkóhun tó wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà 10 sí i lọ.

• Ẹ ṣí fèrèsé tó wà ní apá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, kí atẹ́gùn lè wọlé rọ́pò èéfín.

• Kí ọ̀pá dúró ṣánṣán bó bá ṣeé ṣe, nítorí gbogbo igun tó bá ní ló ń dá èéfín dúró. Ẹ máa gbá èérí dúdú inú rẹ̀ kúrò kó tó dí ọ̀nà.

• Kí ẹ tó kó igi sínú ààrò, ẹ kọ́kọ́ dá iná kékeré kí inú ọ̀pá lè gbóná.

• Ẹ fi tùràrí tó ń rú èéfín díẹ̀ sí ẹnu ààrò. Bí èéfín rẹ̀ bá ń wọ inú ààrò lọ, ọ̀pá ń fà. Bó bá ń bọ̀ síta, ẹ má tíì dáná ńlá.

Bí orí bá ń fọ́ ẹni tó wà nídìí iná, tí òòyì ń kọ́ ọ tàbí tí èébì ń gbé e, ẹ má dúró wá ìdí rẹ̀ nínú ilé náà. Ẹ gbé e bọ́ síta gbangba, kí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ jáde, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.